Kí A Ka Ìṣe 16 Dé Òpin: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ìránṣẹ́ Wa Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Bí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì bá wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ibi tí a sábà máa ń ṣí nínú Bíbélì ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16. Pọ́ọ̀lù àti Sílà gbàdúrà, wọ́n kọrin ìyìn ní ọ̀gànjọ́ òru, ilẹ̀ mì, ilẹ̀kùn ṣí, ẹ̀wọ̀n bọ́ lára àwọn òǹdè. Ibẹ̀ ni ìwàásù ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí: ẹ máa yin Olúwa, ilẹ̀kùn tiyín náà yóò ṣí. Nígbà tí mo bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì ìwàásù kọ ìlànà ìwàásù fún àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, ẹsẹ 25 àti 26 ni ọ̀pọ̀ wọn ń mú wá. Àwọn tó bá tẹ̀ síwájú a dé ẹsẹ 34, níbi tí onítúbú àti agbo ilé rẹ̀ ti di onígbàgbọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tó dé ẹsẹ 40, níbi tí orí náà parí sí.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ sọ ni pé ibi tí a ti ń dá kíkà náà dúró ló pinnu irú àjọṣe tí a ní pẹ̀lú àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n. A kọ lẹ́tà, wọ́n gbà wá láàyè, a gbé ìrẹsì, ọṣẹ àti Bíbélì wọlé, a kọrin, a wàásù, a ya àwòrán lẹ́nu géètì, a padà sílé. Ohun rere ni gbogbo èyí. Ẹni tí ebi ń pa kì í kẹ́gàn ìrẹsì, Olúwa fúnra rẹ̀ sì ka ìbẹ̀wò sí iṣẹ́ tí a ṣe fún òun nínú Mátíù 25:36. Ṣùgbọ́n àlejò ni wá síbẹ̀. Ẹsẹ mẹ́fà tó gbẹ̀yìn Ìṣe 16 ń béèrè ohun tó ju ti àlejò lọ. Wọ́n ń béèrè ẹni tí yóò la ẹnu lórí ẹjọ́, àti ilé tí yóò gba ẹni tó jáde.

Ohun tí ẹsẹ 35 sí 40 sọ

Ẹ kọ́kọ́ kíyè sí i pé ilẹ̀ mímì kọ́ ló dá Pọ́ọ̀lù àti Sílà sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí ní ẹsẹ 26, ṣùgbọ́n ní ẹsẹ 28 Pọ́ọ̀lù ń kígbe pé kò sí ẹni tó lọ. Onítúbú mú wọn lọ sí ilé rẹ̀, ó wẹ ọgbẹ́ wọn, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ṣe ìrìbọmi. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abẹ́ àṣẹ ìjọba ni wọ́n ṣì wà. Iṣẹ́ ìyanu ti ṣí ọkàn ènìyàn kan, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn onídàájọ́ ìlú ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa lọ ní jẹ́ẹ́. Inú onítúbú dùn láti jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn. Oníwàásù tó bá wà ní ipò Pọ́ọ̀lù lónìí ì bá ti pariwo halelúyà, kó sì gba ọ̀nà ilé lọ. Pọ́ọ̀lù kọ̀. Ó ní wọ́n ti nà wọ́n ní gbangba láìsí ìdájọ́, àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú Róòmù, nítorí náà kí àwọn onídàájọ́ wá fúnra wọn wá mú wọn jáde. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ ni *akatakritos*, ẹni tí a kò tíì dá lẹ́jọ́. Ibi méjì péré ni ó ti jẹyọ nínú Májẹ̀mú Tuntun, ibí yìí àti Ìṣe 22:25, ẹnu Pọ́ọ̀lù ni ó sì ti jáde ní ibi méjèèjì. Ẹ̀rù ba àwọn onídàájọ́, wọ́n wá, wọ́n bẹ̀bẹ̀.

Kí ló dé tí Pọ́ọ̀lù fi tẹpẹlẹ mọ́ ọn? Kì í ṣe nítorí ìgbéraga, nítorí ẹni tó ti gba ẹgba láìpariwo pé ọmọ Róòmù ni òun kò lè máa wá iyì ara rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí a bá wo ẹsẹ 40, a ó rí ìdí kan tó ṣe kedere: ìjọ kékeré kan wà ní ilé Lídíà tí yóò máa gbé ìlú náà lẹ́yìn tí Pọ́ọ̀lù bá lọ. Bí wọ́n bá lé àwọn àpọ́sítélì jáde bí olè, orúkọ olè ni ìjọ náà yóò jogún. Nítorí àwọn tó kù lẹ́yìn ni Pọ́ọ̀lù ṣe béèrè ohun tí òfin wí. Nítorí náà, ẹ̀mí ìyìn tí a fi ń wàásù ẹsẹ 25 àti ẹnu tó béèrè òfin ní ẹsẹ 37, ẹnìkan náà ló ni wọ́n, lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá ya wọ́n sọ́tọ̀ ti gé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí méjì.

Àwọn tí a kò tíì dá lẹ́jọ́

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí ilẹ̀ wa. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 36, sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí a fẹ̀sùn kàn títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ ti pọ̀ ju àwọn tí a ti dá lẹ́bi lọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa. Nǹkan bí ènìyàn méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n. ATM ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ìkékúrú orúkọ ẹni tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin kan lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè. Ọlọ́pàá gbé e lọ síwájú májísíréètì, ẹni tí kò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ tó lè yọrí sí ikú. Májísíréètì ní kí wọ́n fi í pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí fáìlì lọ sí ọ́fíìsì DPP fún ìmọ̀ràn. Fáìlì kò tètè dé. Wọ́n ti gbé ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí kóòtù. Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú. Báyìí ni oṣù ń di ọdún. Abala 35 Ìwé Òfin náà sọ pé ẹni tó wà ní àtìmọ́lé, tí wọn kò bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàárín oṣù méjì, kí wọ́n dá a sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú àdéhùn pé yóò padà wá jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà yọ ẹ̀sùn tó lè yọrí sí ikú sílẹ̀, ihò yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ bọ́ sí.

Jósẹ́fù mọ irú ihò bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí Jẹ́nẹ́sísì 39 ti sọ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ọdún méjì gbáko ni olórí agbọ́tí sì fi gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti bẹ̀ ẹ́ pé kó dárúkọ òun fún Fáráò. Pọ́ọ̀lù náà mọ̀ ọ́n. Nínú Ìṣe 24:26 àti 27, Fẹ́líksì fi í sí àtìmọ́lé fún ọdún méjì nítorí ó ń retí rìbá. Bíbélì tí a ń gbé wọ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n kún fún àwọn ènìyàn tó ń dúró de ìdájọ́.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń wàásù fún wọn. A dúró níwájú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí a kò tíì dá ọ̀pọ̀ wọn lẹ́bi, a sì pè wọ́n ní ọ̀daràn tí Jésù fẹ́ yí padà. Àwọn bàbá wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan kí a tó dá a. Bíbélì Yorùbá fún wa ní ọ̀rọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú Hébérù 13:3: òǹdè. Òǹdè sọ pé a dè é, kò sọ pé ó jẹ̀bi. Òtítọ́ ni pé gbogbo ènìyàn ni ó ti ṣẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ó sì yẹ kí a pe gbogbo wọn sí ìrònúpìwàdà. Ṣùgbọ́n ìpè yẹn kan wọ́dà, ó kan pásítọ̀, ó kan adájọ́. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀sùn tó wà ní kóòtù, a ti sọ ìwàásù di ìwé ìdálẹ́bi.

Ibi tó ti léwu jù ni ẹ̀rí jíjẹ́. A fẹ́ràn kí ẹnìkan jáde wá kó sọ bí òun ṣe ń jalè tẹ́lẹ̀ kí Jésù tó mú òun. Bí ẹni náà bá ṣì ń dúró de ìdájọ́, tí a sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù tàbí kámẹ́rà, tí a gbé e sórí Facebook kí àwọn ará lè yọ̀, a ti fi ẹnu rẹ̀ kó ẹrù lé e lórí níwájú ẹni tó ń ṣẹjọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé inú ìtara ni ó ti sọ ju ohun tó ṣe lọ, kí ìjọ àlejò lè gbọ́ ohun tó ń dùn mọ́ wọn. Òfin tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dá ni pé kí wọ́n má ṣe béèrè ẹ̀rí nípa ẹ̀ṣẹ̀ tó wà ní kóòtù lọ́wọ́ ẹni tí a kò tíì dá lẹ́jọ́, àti pé kí wọ́n má ṣe ya ojú rẹ̀.

Àwọn kan nínú ìjọ wa ni wọ́n ti digun jà lólè rí. Wọn yóò béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀ nítorí tiwa? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a kò gbọ́ kò ṣe ẹni tí a jà lólè lóore. Bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n kò bá jẹ̀bi, ẹni tó jẹ̀bi ń rìn kiri ìgboro. Bí ó bá sì jẹ̀bi, ẹni tó ṣe ní ibi kò tíì gbọ́ kí ilé ẹjọ́ sọ ọ́. Àwọn méjèèjì ló ń dúró de ìdájọ́.

Ta ni yóò dúró fún un?

Ọ̀pọ̀ wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tí kóòtù ti fún ní béèlì. Ohun tó dá wọn dúró ni onídùúró. Kóòtù lè ní kí onídùúró jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipò kan, tàbí kó ní ilẹ̀ ní agbègbè kóòtù náà, kó sì ní ìwé owó orí ọdún mẹ́ta. Ọmọ tálákà tó wá iṣẹ́ wá sí Èkó tàbí Ìbàdàn kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìjọ tó wá bẹ̀ ẹ́ wò ní Kérésì mọ̀ wọ́n. Wọ́n jókòó sí ìlà kejì lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí a bá sọ èyí, Ìwé Òwe ni àwọn ará fi ń dáhùn. Òwe 6:1 sí 5, 11:15 àti 22:26 kìlọ̀ fún ẹni tó bá ṣe onígbọ̀wọ́ fún àlejò. Ìkìlọ̀ náà kì í ṣe ohun tí a lè fò dá. Bí ẹni tí a dúró fún bá sá lọ, kóòtù lè gba owó tí onídùúró fi ṣe ìdúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Òwe ń bá wí: ẹni tó yára fi ẹnu ara rẹ̀ kó sí gbèsè ẹni tí kò mọ̀. Kò dá ìdúró fún ẹlòmíràn lẹ́bi. Ìwé Òwe kan náà ló ní kí a gba àwọn tí wọ́n ń fà lọ sí ikú ní 24:11, tó sì ní kí a la ẹnu wa fún aláìlóhùn ní 31:8. Júdà ṣe onígbọ̀wọ́ Bẹ́ńjámínì nínú Jẹ́nẹ́sísì 43, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dójú ọ̀gbagadè ní orí 44, ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti dúró ní ipò àbúrò rẹ̀. Hébérù 7:22 kò sì bẹ̀rù láti fi orúkọ yìí kan náà pe Olúwa wa. Ìjọ tí onígbọ̀wọ́ rà padà, tó wá ń sọ pé Bíbélì kọ̀ fún òun láti dúró fún ẹnikẹ́ni, ó yẹ kó tún ẹ̀kọ́ ìgbàlà rẹ̀ kà.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú Òwe ni pé kí a mọ ẹni tí a fẹ́ dúró fún. Èyí ni ìbẹ̀wò wà fún. Bí a bá ń lọ ní oṣoṣù, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a ó mọ ìyá rẹ̀, a ó mọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́, a ó mọ ọ̀gá tó lè gbà á padà. Kí pásítọ̀ má ṣe dá a ṣe. Kí ìgbìmọ̀ kan wà nínú ìjọ, kí lọ́yà kan wà lára wọn, kí wọ́n yan ẹjọ́ tí agbára wọn ká. Àwọn obìnrin náà yẹ kó wà níbẹ̀. Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn ti 2015, tó wà fún kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti ti Abuja, sọ ní abala 167 pé a kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Mélòó nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ló ti gbọ́ èyí? Níbi tí ìjọ kò bá sí, àwọn onídùúró alágbàtà tó ń rìn yí kóòtù ká ló ń gba iṣẹ́ náà ṣe, owó ni wọ́n sì ń gbà.

Àwọn kan yóò ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, kí ìjọ yàgò fún kóòtù. Ẹni méjì tó lè parí ìjà wọn nílé ni òwe yẹn ń kìlọ̀ fún. Òǹdè kò yan kóòtù. Wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ ni, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà àti ẹnu wa

Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ni pé bí a bá ń béèrè ọ̀rọ̀ ẹjọ́, àwọn aláṣẹ yóò ti géètì mọ́ wa. Nítorí kí ẹnu ọ̀nà lè ṣí, a pa ẹnu wa dé. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Ẹni tó ni géètì ló ni ìyọ̀ǹda, ìjọ mìíràn sì wà tí yóò gba ọjọ́ tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ó dá lórí èrò pé ọ̀tá ni wọ́dà jẹ́ sí òǹdè, àti pé ohun tó bá dára fún ọ̀kan yóò bí èkejì nínú. Onítúbú Fílípì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní agbára láti dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó ní omi, oúnjẹ àti ilé, ó sì lo gbogbo rẹ̀.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n tó kún àkúnya ń pa wọ́dà lára bí ó ṣe ń pa òǹdè. Òfin ti 2019, tó rọ́pò òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti 1972, tó sì sọ orúkọ àjọ náà di Nigerian Correctional Service, fún àwọn ọ̀gá ọgbà ní agbára láti kọ̀ láti gba ènìyàn sí i nígbà tí ọgbà bá ti kún. Òfin ti 2015 tí mo dárúkọ lókè ní kí olórí àjọ náà máa kọ orúkọ àwọn tó ti dúró de ìdájọ́ ju ọjọ́ 180 lọ ránṣẹ́ sí àwọn adájọ́ àgbà ní ọjọ́ 90, 90. Nítorí náà, ìjọ tó bá lọ bá ọ̀gá ọgbà pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ó ti pẹ́ jù níbí tí kò ní lọ́yà, kí a lè bá a kọ̀wé sí Àjọ Tó Ń Pèsè Ìrànlọ́wọ́ Òfin, kì í ṣe ọ̀tá. Ó ń bá ọ̀gá náà gbé ẹrù tí òfin ti gbé lé e lórí. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà, bí a bá fi ọ̀wọ̀ gbé e kalẹ̀, tí a kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọ̀gá kí a tó sọ ọ́ fún ìwé ìròyìn, ó lè ṣí ilẹ̀kùn tí ariwo kò lè ṣí.

Ìtàn fún wa ní àpẹẹrẹ méjì, ọ̀kan fún ìṣírí, èkejì fún ìkìlọ̀. Ní 1813, Elizabeth Fry, obìnrin ìjọ Quaker kan ní ìlú London, wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate, ó rí àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n há mọ́ra. Aṣọ ló kọ́kọ́ gbé lọ. Bí ó bá parí síbẹ̀ ni, a kì bá máa dárúkọ rẹ̀ lónìí. Ní 1817 ó kó ẹgbẹ́ obìnrin jọ, wọ́n bá àwọn aláṣẹ ọgbà náà ṣe àdéhùn, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fún àwọn òǹdè ní iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ka ìlànà tí wọ́n fẹ́ lò fún àwọn òǹdè fúnra wọn kí wọ́n dìbò sí i. Ní 1818 ó lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà tí òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti 1823 jáde, ó pàṣẹ pé obìnrin ni kó máa ṣọ́ òǹdè tó jẹ́ obìnrin. Obìnrin yìí wọlé, ó sì sọ̀rọ̀. Wíwọlé rẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwúwo.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti Amẹ́ríkà. Charles Colson, tó bá Ààrẹ Nixon ṣiṣẹ́, ṣẹ̀wọ̀n ní 1974 lẹ́yìn ọ̀ràn Watergate. Nígbà tí ó jáde, ó dá Prison Fellowship sílẹ̀ ní 1976, iṣẹ́ tó ti ran ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Iowa, àjọṣe náà gba ọ̀nà mìíràn. Ìjọba fi owó sí ètò kan tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Newton, àwọn tó wọ inú ètò náà sì ń gbé ibi tó sàn ju ti àwọn yòókù lọ. Ní 2006 adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan dá a pé ó lòdì sí ìwé òfin, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí kókó ìdájọ́ náà ní 2007. Òfin wọn kì í ṣe òfin wa, ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Nígbà tí ìgbàgbọ́ bá di ọ̀nà sí yàrá tó dára, pásítọ̀ kò ní lè mọ ẹni tó gbàgbọ́ mọ́, òǹdè tí kò gbàgbọ́ yóò sì rí Jésù bí ọ̀rẹ́ àwọn aláṣẹ. Ó kàn wá nílé bí oúnjẹ wa bá jẹ́ ti àwọn tó tẹ́wọ́ sókè nìkan, tàbí bí a bá jẹ́ kí wọ́dà fi ìwàásù wa halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Láàárín Newgate àti Newton ni ìwọ̀n àjọṣe wa wà. Kí a gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ aláṣẹ, kí a má ṣe gba agbára rẹ̀. Kí a pa òfin géètì mọ́, kí a má ṣe fi ẹnu wa san owó géètì.

Ilé Lídíà

Ẹsẹ 40 kúrú, ṣùgbọ́n òun ló dán ìjọ wò jù. Wọ́n jáde kúrò nínú túbú, wọ́n lọ sí ilé Lídíà. Ibi tí wọ́n lọ wà nílẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Lídíà kò béèrè bóyá orúkọ òun yóò bàjẹ́ lọ́jà nítorí àwọn tí gbogbo ìlú rí i tí wọ́n nà. Ónẹ́sífórù náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú 2 Tímótì 1:16 àti 17, Pọ́ọ̀lù yìn ín pé ẹ̀wọ̀n òun kò tì í lójú, ó sì wá òun kiri ní Róòmù títí ó fi rí òun.

Ọ̀pọ̀ ìjọ tó ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kò tíì múra láti jókòó ti ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀. A ó yìn ín lórí pẹpẹ lọ́jọ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n onílé nínú ìjọ kò ní fún un ní yàrá, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kò sì ní gbà á sí ṣọ́ọ̀bù. Òfin 2019 ti ṣí ọ̀nà kejì fún wa níbí. Ó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìjìyà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú àhámọ́: iṣẹ́ ìlú, ìṣọ́ni lábẹ́ àmójútó, ìdásílẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn, àti ìlàjà láàárín ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí a ṣẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí nílò àwọn ará àdúgbò tí kóòtù lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ìlàjà, pàápàá, ni iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi lé wa lọ́wọ́ nínú 2 Kọ́ríńtì 5:18. Síbẹ̀ lẹ́nu géètì àtijọ́ ni a ṣì tò sí. Láti 2023, tí àtúnṣe ìwé òfin ti gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n, kì í ṣe Abuja nìkan ni ìjọ lè kọ̀wé sí mọ́. Gómìnà àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wà nítòsí.

Ohun tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún ìyàsímímọ́, lẹ́tà ìbẹ̀wò ọgbà ẹ̀wọ̀n yóò wà lára àwọn lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹ ó fọwọ́ sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dá lórí ọjọ́, aago àti iye àpò ìrẹsì nìkan. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fẹ́ máa wá déédéé, àwọn ènìyàn kan náà, fún ọdún kan ó kéré tán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àlùfáà ọgbà àti àwọn òǹdè tó ń ṣe pásítọ̀ nínú ìjọ tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú yín pé kí ni wọ́n nílò, nítorí ẹ kò lọ gbin ìjọ sí aginjù. Ẹ sọ pé ohun tí ẹ bá gbé wá wà fún Mùsùlùmí àti Kristẹni bákan náà. Ẹ tọrọ àyè láti bá ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ lọ́yà àti béèlì. Ẹ sì kọ orúkọ ẹni kan nínú ìjọ tí yóò máa gba àwọn tó bá jáde, pẹ̀lú nọ́ḿbà tí wọ́n lè pè.

Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín lórí ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ẹ gbé ìrẹsì yín wọlé síbẹ̀, kí ẹ sì padà béèrè lóṣù tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbà, ìbéèrè kan ṣoṣo tó láti fi bẹ̀rẹ̀: ta ni kóòtù ti fún ní béèlì tí kò rí onídùúró? Wọn yóò dárúkọ ẹnìkan fún yín. Kí ẹ tó wàásù ẹsẹ 26 fún un, ẹ lọ wá ìyá rẹ̀.